Ife Kan Ni Bàbá Wa Gbé fún Wa Mu

Ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n bí Bàbá wa sí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1940, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Baba wọn ni òǹtẹ̀wé àdúgbò. Ìyá wọn ló ń fọ aṣọ pẹpẹ ìjọ Lútérì, tó ń fi sítáàṣì sí i títí tí yóò fi dúró gan-an bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Ọmọ kẹta ni Bàbá nínú mẹ́fà, ìdílé tí ẹnu kì í dùn ún láti sọ òótọ́. A jogún rẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹ̀rọ kan náà ló ń tẹ ìwé orin ìjọ lówùúrọ̀, tó sì ń tẹ àwòrán olóṣèlú lọ́sàn-án. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wá síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní kí Bàbá àgbà má ṣe tẹ ti alátakò òun, èsì wọn kì í yí padà: "Íńkì ò mọ ẹgbẹ́, ọmọ mi. Bọ́ sẹ́yìn, kí ẹni tó kàn wọlé." Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni Bàbá wa ti kọ́ ìwé. Òdì ni wọ́n máa ń to lẹ́tà òjé fún ìtẹ̀wé, nítorí náà, nígbà tí wọ́n dé ilé ẹ̀kọ́ ní 1946, tí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, láti ìparí ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bọ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sọ wọ́n ní Àkàsẹ́yìn. Orúkọ náà bá wọn dé orí àga ìwàásù.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ ní 1954, wọ́n sì fi ọdún mẹ́sàn-án to lẹ́tà fún baba wọn. Katikísìmù Kékeré, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn tí ìjọ Lútérì fi ń kọ́ni ní ìgbàgbọ́, ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí wọ́n tò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ọwọ́ tò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa ń wọ ara. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Wọ́n wọlé ní 1963, wọ́n sì fi wọ́n jẹ pásítọ̀ ní 1967.

Ní 1969, wọ́n fẹ́ Màmá wa, tó ń tẹ dùùrù ìjọ. Káàdì kan ṣoṣo ni Bàbá tẹ̀ láti fi sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, àṣìṣe méjì sì wà nínú rẹ̀. Màmá fi kálámù pupa tún un ṣe, wọ́n kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìsàlẹ̀, wọ́n dá a padà. Káàdì náà ṣì wà nínú Bíbélì wọn.

Ní 1974 ni wọ́n gbé Bàbá wá sí ìjọ yìí. Ibí ni wọ́n ti bá Bàbá Bíríkìlà pàdé, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú pẹpẹ. Ọ̀rẹ́ wọn wọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kò bára mu láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ariwo wọn a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kan. Màmá a gbé tíì wá: "Ẹ rọra o, ará àdúgbò á rò pé ẹ ń jà." Àwọn méjèèjì a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "A ń jà ni!" Wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Kí a tún gbọ́ ariwo yẹn lẹ́ẹ̀kan péré!

Ibi tí ìwé ìsìnkú mìíràn ti máa ń fo ojú ewé nìyí. A ò ní fò ó. Ẹni tó bá ń wá òkú tí kò ṣe àṣìṣe rí, kó lọ wò ó ní ilé kejì.

Ní 1990, àbúrò Bàbá gbégbá ìbò láti di káńsẹ́lọ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìbò, nígbà àdúrà gbogbogbò, Bàbá pa ìwé àdúrà dé. Wọ́n ní: "Olúwa, fi àbúrò mi jókòó sí àga náà, kí O sì dójú ti àwọn tó dìde sí i." Apá kan ìjọ ké àmín títí òrùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Apá kejì dákẹ́ lọ gbári.

Bàbá Bíríkìlà dìde. Àwọn ni alága ẹgbẹ́ kejì ní àdúgbò. "Pásítọ̀, ẹ dúró ná. Èmi lẹ ní kí Ọlọ́run dójú tì yẹn. Ọlọ́run tí mo mọ àtẹ̀gùn yìí fún ò ní káàdì ẹgbẹ́ o." Wọ́n kó ìyàwó, ọmọ àti ọmọọmọ, ènìyàn mọ́kànlá, wọ́n bá ẹnu ọ̀nà lọ.

Àbúrò Bàbá jáwé olúbori. Àwọn èèyàn ya wá sílé wa: "Àdúrà yín mà gbà o, Pásítọ̀!" Ìkíni yẹn ló ta Bàbá bí agbọ́n. Láàárín oṣù kan, ìjọ ti pín sí méjì. Ẹgbẹ́ kan jókòó sápá òsì, èkejì sápá ọ̀tún, àwọn tòsì kò sì fẹ́ fi ẹnu kan ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lẹ́yìn àwọn tọ̀tún. Alàgbà kan (wọ́n wà níjókòó lónìí, a kí wọn o) gbé ife tuntun wá nínú páálí: "Pásítọ̀, kí ìjà lè tán, ife kan fún ẹgbẹ́ yìí, ọ̀kan fún tọ̀hún." Bàbá gbé ife náà sórí tábìlì, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ejò. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí ife bá di méjì, ìjọ ti tú nìyẹn, ẹnu àwọn ló sì tú u.

Màmá ló là á: "Ẹ̀ ń lọ, ẹ̀ ń bọ̀ nínú yàrá bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ẹ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ lọ bá a."

Bàbá lọ bá Bàbá Bíríkìlà lórí àkàbà níbi iṣẹ́. Bàbá Bíríkìlà kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ lo bá wá?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni."

"Ṣé ibí lo ti bú mi? Gbangba lo ti gbìn ín, o ò lè wá hú u ní kọ̀rọ̀. Kúrò lábẹ́ àkàbà yìí jàre, kí búlọ́ọ̀kù má lọ já lù ọ́, wọ́n á ní ẹgbẹ́ wa ló rán mi."

Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́ ohun tí Bàbá fẹ́ ṣe, wọ́n kọ̀wé pé pásítọ̀ kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ ìjọ. Ìlà kan ni Bàbá fi fèsì: "Ọmọ ìjọ ni èmi náà."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, Bàbá bọ́ aṣọ oyè wọn, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní: "Mo sọ Ọlọ́run di ọmọ ẹgbẹ́ mi. Mo fi àdúrà bú ọ̀rẹ́ mi níwájú yín. Katikísìmù tí mo fi ọwọ́ mi tò kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò sọ ìdáríjì fún mi?" Màmá gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù.

Ìgbà náà la gbọ́ ẹsẹ̀ láti ẹ̀yìn. Màmá ti ránṣẹ́ sí Bàbá Bíríkìlà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ọwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti là lé Bàbá lórí: "Ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, a dárí jì ọ́. Dìde." Wọ́n fa Bàbá dìde. "Ṣùgbọ́n mi ò ní dìbò fún àbúrò ẹ láéláé."

Ẹ̀rín gba ilé Ọlọ́run kan. Ife kan ni gbogbo wa mu lọ́jọ́ náà. Ife kejì di ilé kálámù lórí tábìlì Bàbá títí di òní.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń kọ èrò wọn sínú ìwé kan. Wọ́n kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ òsì Ọlọ́run ni ìjọba, ọwọ́ ọ̀tún Rẹ̀ ni ìhìn rere. Ẹni tó bá ní kí Kristẹni má dìbò fẹ́ gé Ọlọ́run lọ́wọ́ kan. Ẹni tó bá sọ ẹgbẹ́ di ìsìn ń fi òsì jẹun." Wọ́n dìbò ní gbogbo ìgbà, wọn ò sì sọ ẹni tí wọ́n dìbò fún mọ́, kódà fún Màmá, tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tọ pinpin rẹ̀ láìrí i. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń lo gbọ̀ngàn ìjọ, níbi tí Bàbá tún ti ń fi lẹ́tà òjé àtijọ́ kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò wọn fẹ́ dúró lórí àga ìwàásù sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, wọ́n tọ́ka sí ìjókòó: "Àbúrò, àga tìrẹ wà ní káńsù. Èyí kì í ṣe tèmi náà, mo yá a ni."

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2008, wọ́n sì sùn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Wọ́n fi Màmá wa sáyé lọ, àti ọmọ márùn-ún: nọ́ọ̀sì kan, awakọ̀ kan, olùkọ́ méjì, àti àbíkẹ́yìn tó ń tẹ̀wé, ọmọọmọ mẹ́rìnlá, àrọ́mọdọ́mọ mẹ́ta, àbúrò wọn, káńsẹ́lọ̀ àná, àti Bàbá Bíríkìlà, tí kì í ṣe ẹbí wa, ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá ẹni tó tó lé wọn kúrò nínú ẹbí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló mọ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ sínú ibojì yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ dé fìlà ẹgbẹ́ wá, ẹ káàbọ̀. Ẹ ṣí i. Ife àtijọ́ náà ni a ó gbé lónìí. Bàbá Bíríkìlà ni yóò kọ́kọ́ mu, káńsẹ́lọ̀ yóò sì mu tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí kò bá lè mu lẹ́yìn àwọn méjèèjì, kó jókòó sí àyè rẹ̀, kó máa wò wá.

Àkàsẹ́yìn, ó dàárọ̀ o. Ilé tí ọ̀rẹ́ yín mọ kò ní ya. Ẹ sùn nínú rẹ̀ títí Olúwa yóò fi pè yín jí.