Ìwé Ìkéde Ààrẹ Lẹ́nu Géètì Kọ́tàsì Wa

                                        Lọ́dọ̀ Àlàájì Shuaib,
                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Sànyà,
                                        Agége, Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2001.

Àlàbá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, arúgbó tí ò léyín mọ́ tó tún ń wá ẹran jẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ẹni tí mo máa ń gbàdúrà fún lójoojúmọ́ nítorí pé ìwọ ni Ọlọ́run fi ṣe ìpín rẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ? Ìbàdí tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti ń fi ọ̀pá rìn. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi náà ti ní tèmi. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o, ẹ sì kú ojú lọ́nà àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Ara tèmi kò burú púpọ̀, àfi ojú tó ń ṣe bàìbàì àti orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá wa àtijọ́.

Wàá ti rí i pé àdírẹ́sì mi ti yí padà. Kọ́tàsì wa ní Oregun kò sí mọ́. Wọ́n ti wó o láti ẹnu géètì títí dé ìdí kànga, títí kan yàrá tí ìwọ àti èmi jọ gbé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, tí o máa ń hanrun mọ́ mi létí bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fẹ́ ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, torí ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nípa Job, kò sì ní í yé ọ bí o kò bá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn.

O mọ̀ pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ abọ́ tánganran wa kógbá sílé, wọ́n fi àwa tí a ń gbé kọ́tàsì sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Bísí tó máa ń ya òdòdó sínú abọ́ wà nínú yàrá tirẹ̀, Job tó ń ṣọ́ ààrò wà nínú tirẹ̀, èmi náà wà nínú tèmi, àti àwọn tó kù tí o mọ̀. A ti ń ka ara wa sí onílé. Lọ́dún tó kọjá ni a gbọ́ pé wọ́n ti ta ilẹ̀ náà fún Olóyè kan tó ń gbé ní GRA Ìkẹjà. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi wá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri wa, wọ́n ní ká máa wá ibi tí a máa lọ. Olúkúlùkù sì ti ń wá. Ìyá Bísí tiẹ̀ ti rí yàrá kan ní Ìpájà, ó ti lọ gbá a, ó ti tẹ́ ẹní sí i.

Ibi tí a bá ara wa dé nìyẹn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fọláyọ̀ Oyèkànmí wá bèèrè mi. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó ní láti ìgbà tí àwọn alágbádá ti gbàjọba lọ́wọ́ sójà ni Ààrẹ ti ń wá bí òun ṣe máa yẹ́ àwọn tó ti fi agbára wọn sin orílẹ̀-èdè yìí sí. Ó ní Ààrẹ ti buwọ́ lu ìwé ìkéde kan, pé kí ọjọ́ kan wà tí a ó máa fi rántí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége. Wọ́n ti tẹ ìwé náà jáde, orúkọ olúkúlùkù wà lórí tirẹ̀, ó wá ku kí wọ́n pín in fún àwọn tí wọ́n yẹ́ sí àti fún àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Wàhálà wọn ni pé wọn ò mọ ilé ẹnì kankan. Ta ló sì mọ ilé gbogbo yín bí kò ṣe èmi tí mo ṣe mẹ́sẹ́ńjà níbẹ̀ títí irun mi fi funfun?

Àlàbá, ìwé náà rẹwà. Bébà rẹ̀ nípọn bí awọ. Ẹyẹ idì àti ẹṣin méjèèjì wà lókè, èdìdì aláwọ̀ wúrà wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú rìbọ́nì. Oyèkànmí túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ fún wa. "Nígbà tí ó jẹ́ pé" ló fi bẹ̀rẹ̀, ó tún ní "nígbà tí ó sì tún jẹ́ pé", ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi rò pé kò ní í sọ ohun tó jẹ́ gan-an.

Mo gbádùn iṣẹ́ náà, kí n má purọ́ fún ọ. Mi ò kàn ń gbé e fún èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Ìyá Bísí kọ́kọ́ jó yí igi máńgòrò po, pé àṣẹ Ààrẹ ni. Ó jó, ó sì bú mi dáadáa nígbà tó mọ̀ pé irọ́ ni. Fọ́máànù wa, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, tó máa ń pè mí ní Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹyẹ, mo ní kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó sì pè mí ní sà. Shuaib tí a jọ ṣiṣẹ́ ní òun ò ní í pè mí ní nǹkan kan, kí n gbé ìwé òun sílẹ̀ kí n máa lọ. Tìrẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un lórúkọ rẹ, torí mo mọ̀ pé bí ìwọ bá fi lè dọ̀bálẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò pé jọ kí wọ́n tó gbé ọ dìde.

Nígbà tí mo pín ti àwọn èèyàn wa tán, ó ku ti àwọn ẹgbẹ́. Mo gbé ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ sí Òpébì, mo gbé ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yìn náà ni Oyèkànmí gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní ti àwọn ọlọ́lá tí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ lógún ni. Orúkọ Olóyè tó ra ilẹ̀ wa ni mo rí níbẹ̀. Mo wò ó, Oyèkànmí náà wò mí, kò mọ nǹkan kan.

Mo gbé e lọ sí GRA. Mẹ́gádì wọn fi mí sínú oòrùn títí, àmọ́ nígbà tó rí èdìdì, ó ṣílẹ̀kùn. Olóyè fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà. Ó kà á tán, ó ní kí wọ́n fún mi ní ohun mímu tútù. Mo rò ó pé ìgbà wo ni mo tún máa rí ojú rẹ̀, ni mo bá kúnlẹ̀. Mo ní, "Olóyè, àwa tó wà nínú ìwé yìí náà ni a wà lórí ilẹ̀ yín o." Ó gbé mi dìde tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run á dá sí i." Àlàbá, o mọ ohun tí ọlọ́lá ń sọ bó bá ti ní Ọlọ́run á dá sí i.

Mo délé, mo sọ ọ́ fún Job. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé ó fọwọ́ gbà á?"

"Ọwọ́ méjèèjì."

"Ó parí nìyẹn. Ó ti gbọ́ ohun tí Ààrẹ wí nípa wa, kò lè ní òun ò gbọ́."

O rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ní Èkìtì. Bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọba á rán ìránṣẹ́ ààfin, wọn á gbé ọ̀pá ọba tì síbẹ̀, wọn á ta màrìwò sójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò tún fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà títí ọba yóò fi gbọ́ ẹjọ́ tọ̀túntòsì. Ohun tí Job gbé sọ́kàn nìyẹn. Ó ní bí ọba ìlú kékeré bá lè fi ọ̀pá dá ilẹ̀ dúró, ṣé èdìdì Ààrẹ ni kò ní í dá a dúró? Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Job, ṣé Ààrẹ mọ̀ pé o wà láyé?" Ó ní, "Orúkọ ta ni wọ́n wá kọ síbẹ̀?"

Ó wá màrìwò lọ sí ọ̀nà Àlàgbàdo, ó rù ú wálé. Ó ta á sẹ́nu géètì, ó sì kan ìwé tirẹ̀ gan-an mọ́ àárín, ó fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ẹni tó ti di ẹrù tú u. Ìyá Bísí lọ ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀ ní Ìpájà, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Kí n má tàn ọ́, nígbà tó ṣe, èmi náà gbà á gbọ́. Mo tún òrùlé mi ṣe.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n dé, pẹ̀lú katapílà àti ọlọ́pàá. Job ti gbé àga sábẹ́ ìwé náà, ó wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó. Ọkùnrin kan tó dé fìlà ike, tó jẹ́ olórí àwọn tó wá wólé, rìn bá a.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dìde níbẹ̀, Bàbá."

"Ka ohun tó wà lókè orí mi ná."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé Job lo ọgbọ́n. Ó ní, "Ìwé gidi ni, sà. Irú ẹ̀ wà ní pálọ̀ ọ̀gá wa, wọ́n ti fi gíláàsì sí i."

"Bó bá wà níbẹ̀, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Ọkùnrin náà kò jágbe mọ́ ọn. Bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. "Bàbá, ìwé yẹn ń kí yín ni. Kò ní kí ẹ má kó lọ."

Ó pe ọ̀kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní kó fa ìṣó náà yọ pẹ̀lẹ́, kó má ya ìwé Ààrẹ. Ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Job. Lẹ́yìn náà ló ju ọwọ́ sí ẹni tó wa katapílà. Ibi tí Job ta màrìwò sí ni wọ́n gbà wọlé. Kí àkókò oúnjẹ ọ̀sán tó tó, wọ́n ti wó gbogbo rẹ̀. A ń fa àpótí àti ìkòkò jáde nínú eruku, àwọn ọlọ́pàá náà ń bá wa gbé e. Job wà lórí àga rẹ̀ lápá kejì títì, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ní, "Wọ́n kí wa." Láti ọjọ́ náà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Bísí sá padà sí Ìpájà lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ti wọnú yàrá yẹn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sùn báyìí. Shuaib ní tirẹ̀ kó èmi àti Job wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ níbí, kò sì jẹ́ kí n dúpẹ́. Àmọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ wá, mo sì mọ ojú tí wọ́n ń fi wò wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Oyèkànmí wá mi kàn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó gbọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ ó ní ọ̀gá òun ṣì fẹ́ fọ́tò àwọn tí wọ́n yẹ́ sí níwájú ibùgbé wọn, kí ìwé wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Mo ní ká ṣe é fún un nítorí ọmọ náà. A lọ sí Oregun. Wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì yí ibẹ̀ ká. A tò gẹ́gẹ́ bí a ṣe wọṣẹ́ ṣáájú ara wa, ẹ̀ṣọ́ wọn ní ká má fara ti ògiri o, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Job ò tẹ̀ lé wa. Onífọ́tò ní ká rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló yíjú sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí n sọ nǹkan. Ìyá Bísí tiẹ̀ ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀. Ìwé mi nìkan ni mo gbé sí àyà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya fọ́tò náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Job ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé. Dírẹ́bà kan tó ń lọ sí Adó ni mo fi lẹ́tà yìí rán kó lè ṣáájú rẹ̀ dé. Ilé bàbá rẹ̀ ti wó tipẹ́, ìwọ náà mọ̀, kò sì ní í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kankan. Bá mi kó àwọn pàǹtírí kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn rẹ. Má sọ pé mo kọ̀wé sí ọ. Sọ fún un pé o ń wá ẹni tí o máa máa lù nínú ayò, torí àwọn ọmọdé ò gbà fún ọ mọ́. Yóò mọ̀ pé irọ́ lò ń pa, kò burú. Ó ti rù gan-an, mi ò rò pé yóò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ tó ohun tó máa sú ọ. Má bi í nípa ìwé rẹ̀. Kò sí nínú ẹrù tí mo bá a dì.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o bá mi kí bàbá alágbẹ̀dẹ bó bá ṣì wà láyé, àti gbogbo ará ilé. Shuaib ní kí n kí ọ, Ìyá Bísí náà kí ọ.

Èmi náà ni, tìrẹ láìyẹsẹ̀,

Ilésanmí Oyinadé.