Wàláà Tí Mo Fọ̀ Kí Sùwébà Tó Kà Á Tán

Bàbá mi tí àárò yín kò tíì dá lára mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ òní nìyí, bí mo ṣe rí wọn tẹ̀léra. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo dé ṣọ́ọ̀bù. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà, ìrì ti sẹ̀ sí i. Àga Bọ̀dá Kúnlé tó ń so wáyà fún wa wà níbi tó máa ń wà, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àga náà, apá kan rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Tẹ́sítà tó fi ń wọn iná wà lórí tábìlì, ó ti ká wáyà pupa àti dúdú mọ́ ọn lára. Àpótí ẹ̀rọ tí a gbà padà lọ́wọ́ Àlàájà ẹlẹ́ja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń run òórùn ẹja. Ìwé gígùn kan wà lórí àpótí náà, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ròyìn ohun tó ṣe lójúmọ́. Ní ìlà kẹtàdínlógójì, níbi tó yẹ kí ìwọ̀n méjìdínlógún nísàlẹ̀ òdo wà, mo rí 1047.

Mo ti ń wo nọ́ńbà yẹn láti ọjọ́ Jímọ̀. Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo etí ìwé, níbi tí ẹ̀rọ máa ń kọ aago sí. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. 10:47. Kì í ṣe òtútù rárá, aago ni.

Mo jókòó. Mo mọ̀ lójú kan náà pé èmi ni mo ba ẹja Àlàájà jẹ́, kì í ṣe Bọ̀dá Kúnlé.

Ẹ ti lọ kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lẹ́yìn tí mo jáde ní girama, Ọ̀gá wa gbà mí pé kí n máa nu kọ̀ǹpútà, kí n máa gba àlejò. Mo ń nù ún, mo ń wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kì í sinmi. Láàárín ọdún méjì, mo ti ń kọ kóòdù. Ní báyìí, àwọn tó jáde ní yunifásítì Ijagun máa ń wá bi mí léèrè.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní apá kan tó ń darí ìyókù. Kánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pín àyè, òun ló ń sọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ àti ẹni tó máa dúró. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún Àlàájà ń ṣọ́ àwọn yàrá tó ń kó ẹja dídì sí, èmi ni mo sì kọ apá tó ń tọ́jú ìwọ̀n òtútù sínú kánẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn ṣe ìwé kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ojú ń kà lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́rìndínlógún ń kà á, ìyẹn àwọn ojú wẹ́wẹ́ tó wà nínú yàrá. Aláàmù tó máa ń ké bí òtútù bá dín ń kà á. Gíláàsì ojú ẹ̀rọ tí Àlàájà ń wò náà ń kà á. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́, ìyẹn nígbà tí Àlàájà bá fẹ́ yí ìwọ̀n padà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ kọ lè dé nígbà tí àwọn tó ń kà ṣì wà lẹ́nu ìwé.

Ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí ẹni tó fẹ́ kọ dúró títí gbogbo ẹni tó ń kà yóò fi jáde. Mo dán an wò. Bí ọ̀kan ṣe ń jáde ni òmíràn ń wọlé, ẹni tó fẹ́ kọ kò ríbi wọlé. Mo yí i padà, mo ní kí ẹni tó ń kọ ṣíwájú, kí àwọn yòókù dákẹ́ dè é. Aláàmù náà bá dákẹ́. Kí ni a fẹ́ fi aláàmù tó dákẹ́ ṣe? Ìgbà yẹn ni mo rántí ilé kéú yín.

Wàláà mẹ́fà ni ẹ ní, àwọn pátákó tí a ń kọ kéú sí, àwa ọmọ tó ogún. Mẹ́rin mẹ́rin la máa ń yí wàláà kan ká. Tí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí ẹ kọ, tàbí tí ẹ bá fẹ́ ká bọ́ síwájú, ẹ kì í gba wàláà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà. Ẹ ó mú òmíràn, ẹ ó ki gègé bọ tàdáwà, ẹ ó kọ tuntun, ẹ ó gbé e kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tuntun ni yóò mú. Ẹni tó wà lórí àtijọ́, ẹ ó jẹ́ kó kà á délẹ̀. Ẹ kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti parí. Ẹ kàn ń wò wá láti orí ẹní yín, ẹ ń ka tẹ̀síbà. Bí kálukú nínú àwọn tó ń ka àtijọ́ bá ti dìde lẹ́ẹ̀kan, ì báà ṣe láti mu omi, ẹ ti mọ̀ pé kò sí ojú kankan lórí àtijọ́ mọ́. Ìgbà náà ni ẹ ó nawọ́ sí ẹni tó kàn láti lọ fọ̀ ọ́.

Ohun tí mo kọ sínú kánẹ́ẹ̀lì nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo kọ ìwọ̀n tuntun sí ibòmíràn, mo yí ọwọ́ ìtọ́ka sí i, mo dúró kí gbogbo ẹni tó ń ka àtijọ́ dìde lẹ́ẹ̀kan, mo wá pa àtijọ́ rẹ́. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí n tó dé. Nígbà tí mo ka ìwé wọn, ẹ̀rín pa mí. Ta ló kọ́ ẹ̀yin?

Ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ náà han Àlàájà nígbà àkọ́kọ́ ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ó tẹ ìwọ̀n tuntun, ẹ̀rọ sì dúró díẹ̀ kó tó dáhùn pé ó ti ṣe é. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ó ń lọ́ra. Wá nǹkan ṣe sí i."

Mo yọ ìlà kan ṣoṣo kúrò, ìlà tó ń sọ pé kí ó dúró. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn wéré. Gbogbo wọn yìn mí, mo sì gba ìyìn.

Láti ìgbà náà, bí ìwọ̀n tuntun bá ti dé, àtijọ́ di fífọ̀ lójú ẹsẹ̀, yálà ẹnì kan ń kà á o, yálà kò sí ẹni tó ń kà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Àlàájà yí ìwọ̀n padà kó tó gba Ayépé lọ síbi ìsìnkú. Yàrá kẹta ṣì ń ka àtijọ́ lọ́wọ́. Kánẹ́ẹ̀lì ti fọ̀ ọ́, ó ti gbé e fún apá mìíràn nínú ẹ̀rọ, ìyẹn sì kọ aago sórí rẹ̀. Yàrá kẹta ka 1047, ó gbà pé ìwọ̀n òtútù ni. Ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé òun ti tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ó bá pa ẹ̀rọ tó ń fún un ní òtútù. Aláàmù kò ké, nítorí nọ́ńbà kan náà lòun náà kà. Nígbà tí Àlàájà máa fi dé ní ìrọ̀lẹ́, omi ẹja ti ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Bọ̀dá Kúnlé ló so wáyà yàrá kẹta. Ará Èkìtì ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń di tẹ́sítà mú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a kírun dé, Ọ̀gá dúró lé e lórí.

"Kúnlé, wáyà rẹ ló yọ́ ẹja yẹn."

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọn wáyà yẹn."

"Àlàájà ò mọ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹja ló mọ̀. Máa lọ sílé ná, tí mo bá fẹ́ rí ọ, màá pè."

Bọ̀dá Kúnlé wò mí. "Ọmọ Ààfáà, bá mi sọ fún un pé mo wọ̀n ọ́n." Mo ní ó wọ̀n ọ́n. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mi ò tíì mọ nǹkan kan. Ó jáde láìmú ẹ̀wù rẹ̀.

Àárọ̀ òní ni mo mọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Mo lè dá ìlà yẹn padà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹ̀rọ gún, kí ọ̀rọ̀ wáyà sì máa jẹ́ ọ̀rọ̀ wáyà lọ. Bàbá mi, ẹ̀rù kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí. Ohun tó mú mi jókòó fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni pé mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, lójú yín.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Èmi ló kàn láti fọ wàláà. Màmá ti wà nínú mọ́tò, à ń lọ sí Ayépé, wọ́n sì ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mẹ́ta ti dìde. Ó ku Sùwébà nìkan, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yíjú láti gbá eṣinṣin. Mo fa wàláà, mo da omi sí i, mo sáré lọ. Ẹlòmíràn gbé e nígbà tó ṣì tutù, ó kọ nǹkan tirẹ̀ sí i, wọ́n tún gbé e síwájú Sùwébà. Ẹ ní kó kà, ó ka ìdajì ọ̀tọ̀ pọ̀ mọ́ ìdajì ọ̀tọ̀, gbogbo ilé kéú rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Ẹ bi wọ́n pé ta ló fọ̀ ọ́. Wọ́n ní Múrí ni, torí Múrí ló sábà máa ń ṣe ìjàngbọ̀n. Ẹ ní kí Múrí jókòó sí òòrùn. Mo dé láti Ayépé ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ìtàn náà, mo jẹun, mo sùn.

Múrí kọ́ ló fọ̀ ọ́. Èmi ni. Ọdún kẹrìnlá rèé, ẹ sì ti kú kí n tó lè sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí gbogbo ẹni tó bá dìde, ṣé ẹ kò rí mi ni? Tàbí ẹ rí mi, ẹ ń dúró kí n wá fúnra mi?

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ọ̀gá wọlé. Mo kí i, mo ní kó jọ̀ọ́ wá wo ìlà kẹtàdínlógójì. Ó wò ó, ó wo etí ìwé, ó wo ojú mi.

"Ta ló kọ ibí yìí?"

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo yọ ìlà tó ní kó dúró."

"Ta ló bi ọ́ léèrè?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, sà."

Ó jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ pa orí. Ó ní òun ló ní ó ń lọ́ra. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló yọ ọ́. Ó ní kí n tún un ṣe, kí n sì lọ fi ẹnu ara mi sọ fún Àlàájà.

Mo dá ìlà náà padà. Títí di aago méjìlá, mo ní kí ẹ̀rọ máa yí ìwọ̀n padà láìsinmi, kí sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún máa kà láìsinmi. Mo jókòó tì í. Kò ka nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ yìí, Bàbá. Mo lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni.

Àlàájà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹja rẹ̀, ó ń já páálí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́.

"Ìwọ tín-ín-rín yìí lo yọ́ ẹja mi?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi ti ń ṣépè fún ẹlòmíì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Ó wo òkè díẹ̀. "Ó dáa. Màá lọ gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dìde, wá gbé ẹ̀rọ náà padà síbẹ̀, ojú mi ni wàá ṣe é."

Mo gbé ẹ̀rọ tí mo gbé dání padà síbẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí ìwọ̀n padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ń ka gíláàsì sókè bí ẹni tó ń ka tẹ̀síbà. Ó ní ó tún ń lọ́ra bíi ti àkọ́kọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí. Kò jiyàn.

Nígbà tí mo padà, Bọ̀dá Kúnlé ti dé, Ọ̀gá ti pè é. Mo ní kó má bínú.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo ògiri, Ọmọ Ààfáà. Ìyàwó mi ń bi mí léèrè ohun tí mo ṣe, mi ò rí nǹkan sọ."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá."

"Mò ń bínú. Jẹ́ kí n bínú ná."

Mo ní ó dáa. Mi ò tún bẹ̀ ẹ́, mi ò bi í bóyá ó ti tán nínú rẹ̀. Mo gbé àga mi sún díẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ, òun náà ń bá tirẹ̀ lọ, títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó ń jáde, ó ní ó dàárọ̀. Orúkọ mi ni ó pè, kò pe Ọmọ Ààfáà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ìbínú rẹ̀ lè tán lọ́la, ó lè di oṣù tó ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run mú ilẹ̀ tutù fún yín níbi tí ẹ wà, kí ó sì tẹ́ ibẹ̀ fẹ̀. Mo ti kírun alásàrí. Màmá ń fi ògìrì se ọbẹ̀ nísàlẹ̀, ó rò pé mo ń sùn. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì láìsùn. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó fọ wàláà náà.