Ẹyẹ Àpáta Kì Í Ṣe Àparò

Jímọ̀, 8 Épírì 1977

Àlàgbé, ẹ̀gbọ́n mi, ti Ṣábẹ ilé wa dé. Ó gbé ẹyẹ àpáta méjì wá fún mi nínú àgò, akọ àti abo. Omi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkọ wá sí Oko-Akarè, mi ò fojú kan òkúta tó tóbi ju ọlọ lọ.

A kì í jẹ ẹ́ nílé bàbá mi. Nígbà ogun, inú ihò àpáta ni ìyá-ńlá wa sá sí. Àwọn ẹyẹ yìí ń jẹ̀ kiri lẹ́nu ihò. Àwọn ológun ní bí ènìyàn bá wà níbẹ̀, ẹyẹ ò ní fara balẹ̀ báyìí. Wọ́n kọjá lọ. Ìdí tí a fi wà láyé nìyẹn.

Sátidé, 9

Gbohùngbohùn — dèlégé wa, aṣojú ìjọba lábúlé yìí, ohun tí rédíò bá sọ láàárọ̀ lòun náà ń sọ lọ́sàn-án — yọjú sínú àgò. Ó ní àparò nìyí, kámáráàdì, ọ̀tá àgbàdo, pípa ni!

Mo ní kó wo ìrù: ó nà sókè bíi ti adìẹ. Kó wo ẹsẹ̀ akọ: akọ àparò ní ògàn lẹ́yìn ẹsẹ̀ bíi ti àkùkọ, eléyìí ò ní. Orí àpáta ló ń gbé, kò mọ ọ̀nà oko ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo àparò ló dọ́gba.

Mo bá a parí òwe: àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ta ló sì gun ebè níbí bí kò ṣe òun? Inú bí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òun náà ló fipá mú wa lọ kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà. Ó ṣeun o. Màá fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ajé, 11

Baba Ẹ̀rọ̀ — ọkọ mi — ò tíì sọ nǹkan kan. Orúnkún ló ń họ.

Ọjọ́rú, 13

Mo ti oko dé, akọ ò sí nínú àgò. Baba Ẹ̀rọ̀ mi orí pé òun ò mọ̀. Ẹyẹ wo ló mọ okùn ẹnu àgò tú?

Ọjọ́bọ̀, 14

Abo ń ké. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn: ọ̀kan á dá a, èkejì á gbè é. Ó ké, ó dákẹ́, ó dúró. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó ń ṣe mí bíi kí n fọ́ gbogbo ìkòkò ilé yìí.

Jímọ̀, 15

Ìyá ọkọ mi se ọbẹ̀ ẹran. Mo bi í pé ẹran kí ni. Baba Ẹ̀rọ̀ ló yára dáhùn — òun tí kò lóhùn látọjọ́ yìí: “Akọ àparò ni, Ẹfúnwùmí. Dèlégé ló fi ránṣẹ́ láti oko. Jẹun.”

Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́. Ó tiẹ̀ dùn.

Ẹsẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ àwo. Mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Ó ń dán. Kò ní ògàn.

Mo wo ojú Baba Ẹ̀rọ̀. Orúnkún ló tún ń họ.

Mo ti di ẹrù. Ṣábẹ ni mò ń gbé àgò yìí lọ, bí mi ò tilẹ̀ mọ ojú tí màá fi wọlé bàbá mi. Abo ń ké báyìí. Ó ń dúró kí akọ gbè é. Inú mi ni akọ wà.