Máàpù Tí Àbúrò Mi Gé Lára Ìwé Òkè

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé tó kọjú sí ilé ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹlẹgbẹ́ mi lórí òkè,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́ díẹ̀? Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún mi, mo sì ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Dókítà ní kí n gbàgbé òkè gígun. Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tí mo bá nílé.

O rántí ìwé atọ́nà òkè tá a jọ rà lọ́wọ́ oníwèé àlòkù, èyí tí wọ́n ká máàpù rẹ̀ sínú èèpo ẹ̀yìn. Nínú gbogbo ìwé òkè tí mo kó jọ, òun ni àrẹ̀mọ. N kò tú máàpù náà wò rí, kó má baà ya níbi ìṣẹ́po.

Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ, ló ń tọ́jú ilé nígbà tí mo wà nílé ìwòsàn. Ó ní bí ẹsẹ̀ mi ò bá lè gun òkè mọ́, kí ojú mi máa gùn ún. Ló bá fi sísọ́ọ̀sì gé máàpù náà kúrò, ó fi dígí bò ó, ó gbé e kọ́ síwájú bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀rín ló fi pàdé mi, ó ń retí kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni.

Oníwèé náà wá kí mi, ó ní máàpù yẹn ni gbogbo iyì ìwé náà, kí n máa fi ìyókù ti ilẹ̀kùn. Àbúrò mi gbọ́. Ó ní, "Ìwé tí ẹ ò lè ṣí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ wo etí ẹ̀, mo gé e gún régé." Ó gún lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo fi ojú tọ ọ̀nà tá a gbà lọ́jọ́ tí òjò àti kùrukùru bò wá. Mo rí odò, mo rí ibi tá a ti ya fọ́tò tá a fi ń yangàn kiri. Kì í ṣe ṣóńṣó òkè, ọ̀rẹ́ mi. Ibi Ìsinmi ni máàpù pè é. Ṣóńṣó gan-an ṣì wà lókè, níbi tí ìṣẹ́po bò látọjọ́ yìí. Inú báàgì mi sì ni ìwé náà wà lọ́jọ́ yẹn, a wé e sínú ọ̀rá, a ò jẹ́ ṣí i nítorí òjò.

Mo pariwo kí n tó mọ̀. Àbúrò mi sáré wọlé, ó wo ibi tí mo na ìka sí, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò dé ṣóńṣó ni?" Ó ti ra bàtà òkè báyìí, àràárọ̀ ló ń gun àtẹ̀gùn ilé wa sókè sódò láti fi dánra wò.

Orúnkún mi ti tán, ìwọ lo ṣẹ́kù. Jọ̀ọ́, tọ́jú ẹ̀yìn rẹ kó o sì yára wá gun òkè náà dé ṣóńṣó. Bí ẹni tó gé ìwé wa bá tún débẹ̀ ṣáájú wa, n ò ní lè gbé inú ilé yìí mọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Má tíì sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn fún wọn.

Èmi ni tìrẹ, tí kò kọjá Ibi Ìsinmi,
Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́.