Ìyá Alámọ̀, Ẹni Tó Ń Fi Ojú Àwọn Ènìyàn Wa Lé Òjò Lọ́wọ́

Ní ọdún 1952, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì tó wà létí odò, ni a bí màmá wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Alámọ̀. Bàbá wọn ń sun bíríkì, ìyá wọn ń ránṣọ. Yàrá náà kéré débi pé orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ti ń jẹun, eruku pupa sì máa ń bà lé gbogbo nǹkan, títí kan ọmọ tuntun.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958. Bàbá wọn kú ní 1962. Ní ọdún kejì, odò kún wọlé, ó sì gbé fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti bàbá náà lọ. Kò pẹ́ tí ìyá àti ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: àpá ojú rẹ̀, ṣé ọ̀tún ló wà ni àbí òsì? Màmá lọ bu amọ̀ létí odò, wọ́n sì fi mọ ojú bàbá wọn. Ọwọ́ wọn kò bi ẹnikẹ́ni kó tó fi àpá náà sí òsì. Òjò fọ ojú náà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n sunkún gan-an, ṣùgbọ́n àpá náà kò sọnù mọ́ wọn lọ́kàn mọ́ láéláé. “Ọwọ́ ni mo fi ń rántí ènìyàn,” ni wọ́n máa ń sọ fún wa.

Wọ́n parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní ọdún 1972, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ ọnà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní 1975 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ akẹ́rù tó mọ àwàdà ṣe. Bí bàbá bá ti ìrìn àjò dé, tí wọ́n rí amọ̀ káàkiri pálọ̀, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Ìyàwó, ère tí kò mú èrè wá, ṣé kì í ṣe eré là ń ṣe báyìí?” Màmá kì í gbójú sókè. “Ẹ bọ́ bàtà yín, bàbá àwọn ọmọ.”

Ní ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á mọ ojú gbogbo ẹni tó kú ládùúgbò lọ́dún náà, wọ́n á tò wọ́n sórí pákó létí odò. Wọn kì í sun ún níná, wọn kì í kùn ún. Amọ̀ ni, àti koríko gbígbẹ díẹ̀ tó dì í mú. Àwọn ẹbí á gbé àga wá, wọ́n á jókòó sínú òjò, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń yọ́ padà sínú ilẹ̀. Imú ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Lọ́dún kan, opó mẹkáníìkì kan kígbe pé, “Ẹ ò rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe kọ̀ tí kò lọ! Bó ṣe ń bá mi jiyàn nílé nìyẹn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, òjò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìjọ wọn kò kọ́kọ́ gba èyí. Alàgbà kan wá bá wọn nílé pé ère ni wọ́n ń yá, àti pé Màmá mọ ohun tí Ọlọ́run sọ nípa ère. Màmá gbé àga fún un. “Alàgbà, ẹ dúró kí òjò dá. Bí ẹ bá rí nǹkan kan tí ènìyàn lè forí balẹ̀ fún, ẹ pè mí.” Alàgbà dúró. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló wá bẹ̀bẹ̀ fún ojú ìyá rẹ̀.

Ní 2004, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní ìlú pè wọ́n. Ọ̀gá ibẹ̀ rọ̀ wọ́n kí wọ́n sun amọ̀ náà kó lè pẹ́. “Ọ̀gá,” ni Màmá wí, “ṣé ẹ̀yin ò ní kú ni?” Àgbàlá tí kò ní òrùlé ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí nígbẹ̀yìn.

Bàbá wa ṣaláìsí ní 2011. Màmá mọ ojú wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìka Màmá wú, kò ká mọ́. Nígbà tó di 2021, àwọn òkú àdúgbò lọ láìní ojú, bí àwọn ẹbí wọn bá sì wá kí Màmá, Màmá á kọjú sí ògiri. Ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ jáde ni pé kò sí ẹni tí yóò mọ ojú Màmá fúnra wọn.

Nọ́ọ̀sì ni àkọ́bí wọn. Ó ń tọ́jú aláìsàn níbi iṣẹ́, ó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Nígbà tí Màmá ní kó lọ bu amọ̀ wá, ńṣe ló jókòó sílẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ. Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò.”

“Odò ti gbé fọ́tò lọ lójú mi rí. Sún mọ́ mi. Má wò mí, fọwọ́ kàn mí.”

Ó pajú dé. Ojú Màmá tó ń fọ̀ láràárọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé egungun kan yọ díẹ̀ lókè ìpéǹpéjú òsì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé àgbọ̀n náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Orí tábìlì ìdáná ló ti mọ ọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, etí kan tóbi ju èkejì lọ. Màmá wò ó títí. “Ta nìyí? Ó jọ ìyá ọkọ mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà, Màmá ní, “Má tún un ṣe. Èmi ni.”

Màmá sùn ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé lọ ni àkọ́bí wọn, nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin wọn, tó jogún ọkọ̀ àti àwàdà bàbá rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn, tó ń kọ́lé. Àwọn ọmọ-ọmọ, àti àbúrò wọn obìnrin kan.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àkọ́bí mọ ọ́n, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àkọ́bí ni ojú amọ̀ náà wà. Ó ní òun fúnra òun ni yóò gbé e síta sínú òjò lónìí. Bí ẹ bá rí i tó dúró pẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú rẹ̀ láyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a gbé e. Bó bá sì ti gbé e kalẹ̀, ẹ má ṣí agbòjò lé e lórí.

Ẹ sinmi, Màmá. Kí ilẹ̀ tí ẹ ń bù fún wa tù yín lára.