Ìbéèrè Kẹrìnlá àti Bàbá Kọ́kọ́rọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ, báwo ni iṣẹ́, ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o ń jẹun lásìkò, ṣé ikọ́ ọjọ́sí ti lọ tán? Mo ń bi ọ́ ní gbogbo èyí torí pé ọmọ tó bá ń ṣe ìwádìí lórí ààrẹ orílẹ̀-èdè kì í rántí oúnjẹ, àfi kí ẹni tó bí i bá a rántí. Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àlàáfíà ni àwa náà wà. Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún ń dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n má kọ ọ́ sínú lẹ́tà, nítorí náà má jẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ ọ́.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé wọ́n ní fóònù ní etí. Aránṣọ tó wà níwájú ilé wa sọ pé òun kàn dárúkọ bàtà lórí fóònù lọ́jọ́ kan ni, ló bá di pé fóònù ń fi bàtà han òun fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tó bá gbọ́ ti bàtà, ṣé ti ààrẹ ni kò ní gbọ́? Mo ti pa tèmi, mo fi aṣọ ìnura wé e, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, yàrá kejì ni mo sì ti ń kọ èyí. Tó o bá pè tí kò wọlé, má fòyà. Èmi ti ń fòyà fún àwa méjèèjì.

Fọ́ọ̀mù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó o fi rán awakọ̀ ti dé ọwọ́ mi, kò ya, kò tutù. Mo ka àkọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin: “Agbára Ààrẹ lórí Ètò Ẹ̀kọ́.” Mo ní nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè kọ́ ní yunifásítì, agbára ààrẹ ni ọmọ tèmi lọ ń wọ̀n? Ìyá rẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìbéèrè lásán lo ń béèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, ẹni tó bá bi ọ̀gá ní ìbéèrè, orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ èsì.

Síbẹ̀, n kò lè fi ọmọ mi sílẹ̀ nínú ìdánwò. Mo kó èèyàn mẹ́rìnlélógún jọ sí kíláàsì kẹfà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi ni mo ṣe ẹni kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. O kọ ọ́ pé kí kálukú dá dáhùn láìbi ẹnìkejì. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ yọ wá lẹ́nu ni. A forí korí, ìdáhùn wa sì bára mu láti òkè délẹ̀, kí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ má baà sọ pé àwọn ará ilé rẹ kò gbọ́ ara wọn yé. O tún ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Ṣé ọmọ àlè ni wá? Mo kọ orúkọ gbogbo wa, orúkọ bàbá wa, àti iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Alápatà tiẹ̀ fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, bóyá ààrẹ á fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ibi tó o ti ní ká mú ọ̀kan láti “mo gbà gan-an” títí dé “n kò gbà rárá” nira fún wa. Ìbéèrè kẹta ní ṣé ó dáa kí ààrẹ máa yí ètò ẹ̀kọ́ padà láìbi àwọn aṣòfin. Kò sẹ́ni tó gbà nínú wa, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú àgbàlagbà kó ní òun kò gbà rárá? A mú “mo gbà,” mo wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ “àmọ́ kò dáa” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kẹrìnlá ló fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. “Ta ló ní agbára jù lọ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ yín?” Àpótí márùn-ún lo yà síbẹ̀: ààrẹ, mínísítà, aṣòfin, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òbí. Ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní ààrẹ ni, ṣebí òun ló pàṣẹ lọ́dún méjì sẹ́yìn pé kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà máa kọ́ kọ̀ǹpútà. Alápatà ní tó bá jẹ́ ààrẹ ni, kí ló dé tí páálí kọ̀ǹpútà mẹ́fà ṣì wà ní títì nínú yàrá ẹrù látọjọ́ yẹn? Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé báyìí ní òun ń retí lẹ́tà tí yóò ní kí wọ́n ṣí i. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́ torí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń so mọ́ ìdí, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìṣọ́ ni wọ́n ní kí òun ṣọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò ní kí òun ṣí i.

Ẹnu àríyànjiyàn yìí la wà tó fi dìde, ó mi kọ́kọ́rọ́, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jáde, mo fẹ́ tilẹ̀kùn.”

Gbogbo wa dìde. Ọ̀gá àtijọ́ dìde, ọ̀gá ìsinsìnyí dìde, alápatà tó ń pariwo fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. A ti dé ìta kí ọ̀gá àtijọ́ tó dúró, ó ní, “Ẹ dúró ná. Ta ló lé wa jáde yìí?” Gbogbo wa kàn yíjú sí ìdì kọ́kọ́rọ́ náà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò jẹ́ ká padà wọlé, nítorí náà orí fèrèsé níta ni mo ti fi rúlà fa àpótí kẹfà sórí fọ́ọ̀mù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sí i.

Nígbà tó gbọ́ pé orúkọ òun ń lọ sí ìlú ńlá nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó wá bá mi nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun pa á rẹ́, òun kò bá ààrẹ du agbára. Mo ní yíǹkì ni mo fi kọ ọ́, mo sì ti lẹ ẹnu àpò ìwé. Ó wá ní, “Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo fi agbára ọ̀hún ṣe ńkọ́?”

Lọ́jọ́ Ajé, kí agogo tó lù, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí yàrá ẹrù. Eku ti jẹ wáyà kan, ìyókù pé. Ọ̀gá ilé ìwé fa iná wá láti ọ́fíìsì rẹ̀. Mo lọ wò ó: ọmọbìnrin kan ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá a wá a.

Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí pọ̀. Nígbà tí a kọ ìdáhùn, títì ni ilẹ̀kùn yàrá ẹrù wà. Ó ti wá ṣí báyìí, ṣé ìdáhùn wa ṣì tọ̀nà? Tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní kò sí àpótí kẹfà, sọ pé bàbá rẹ ló fà á, kí wọ́n yọ máàkì lára tèmi. Jọ̀wọ́, fi sísọ́ọ̀sì gé orúkọ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kúrò kó o tó fi fọ́ọ̀mù han ẹnikẹ́ni, torí kò sí lẹ́tà tó ní kó ṣí yàrá náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tó o fi ní ká má kọ orúkọ nìyẹn. Má bínú sí mi.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún gíláàsì ojú mi, àti fún wáyà tí eku jẹ, mo ti lọ ṣèlérí rẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé. Awakọ̀ ni kó o fún, má fi sórí fóònù, inú àpótí aṣọ ló wà.

Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ lọ́wọ́ kò ní sùn lọ́jọ́ tó o bá kanlẹ̀kùn, kò sì ní sọ fún ọ pé òun ń retí lẹ́tà. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ dùn.