Èríà Tí O Fi Ń Ṣọ́ Ọmọ Rẹ

Àbúrò mi, Alákàbà, ọdún márùn-ún ti pé! Ta ló jẹ́ sọ pé èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà ni yóò dúró máa ka ọdún lẹ́yìn rẹ? Àárọ̀ ọjọ́ náà, o gbé àkàbà rẹ lé èjìká, o ní o ń lọ tún dísì tẹlifíṣọ̀n ẹnì kan ṣe, o sì kìlọ̀ fún mi kí n má jẹ ẹran rẹ tán. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n ti ń pè mí sí ọsibítù. Wọ́n ní ọkàn rẹ ló dáṣẹ́ dúró. Hà! Ọkàn tí kò ṣàìsàn rí! Títí di òní, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ilé tí o bẹ̀rẹ̀ ti parí o. Òkè ilé tí òjò ń rọ̀ sí nígbà tí o lọ ti ní òrùlé. Ìyàwó wa kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù rẹ kú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gun àkàbà báyìí, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá àwọn de dísì. Àbíkẹ́yìn rẹ ti ga jù ọ́ lọ, síbẹ̀ bàtà rẹ ló ń wọ̀ kiri, kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àkọ́bí rẹ tó ń wa bàálù ti kúrò ní igbákejì, òun gan-an ni ọ̀gá awakọ̀ báyìí. Ọmọ rẹ, Alákàbà! Ọ̀gá!

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o ń wá ibi tí o máa de èríà rẹ sí, èyí tó ń gba ìròyìn tí bàálù ń fi ránṣẹ́ láti òkè, tó sì ń fi hàn wá lójú kọ̀ǹpútà ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé? Ìwọ lórí àkàbà, èmi níwájú kọ̀ǹpútà. O bá sún ọ̀pá díẹ̀, mo bá lọgun iye bàálù tó hàn: "Mẹ́rin!" O tún sún un: "Ó ti di mọ́kànlá!" Àwọn aládùúgbò rò pé mò ń ta ọjà ní gbànjo ni. Nígbẹ̀yìn, etí báákónì lo dè é mọ́. Ọ̀pá náà wọ́, kò dùn ún wò rárá, mo sì bú ọ. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹwà kọ́ là ń wá o. Ibi tí ojú bá ti rí òfurufú gbayawu, ibẹ̀ ni èríà ti ń rí bàálù. Apá ibí yìí sì lọmọ mi máa ń gbà wálé."

Má rẹ́rìn-ín wa níbi tí o wà. Nígbà tí òrùlé parí, a ní kí èríà náà gòkè. Ṣebí ohun tó bá ga ló ń ríran jù? Ìyàwó wa wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi í. Plọ́ńbà tó gbé táǹkì omi onírin sórí ilé ló bá wa de èríà mọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Ó dúró ṣánṣán, ó rẹwà, a sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ ń bọ̀. A jókòó ti kọ̀ǹpútà, à ń wo bàálù rẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Àfi lójijì tí a kò rí i mọ́! Mélòó kan nínú àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀, tirẹ̀ ti lọ! Àbíkẹ́yìn rẹ dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Mo pe fóònù ọmọ, kò wọlé. Mo bẹ́ sáré, n kò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ìgbà tí mo padà, ìyàwó wa ti dé, àkàbà ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ó wo òrùlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Táǹkì lẹ fi dí ọmọ mi mọ́ wa lójú!" Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lójú, ṣùgbọ́n kò gbé àkàbà náà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó títí fóònù fi dún. "Màmá, a ti balẹ̀ o. Kí lẹ sè?" Kí la sè! Ẹkún ni gbogbo wa bú sí.

Èríà rẹ ti padà sí etí báákónì lórí ọ̀pá rẹ tó wọ́. Ìyàwó wa ló gun àkàbà, èmi ni mo ń lọgun iye bàálù. Kò sẹ́ni tó tún máa fọwọ́ kàn án nílé yìí.

Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ibi tí mo sáré lọ lọ́jọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ ni, Alákàbà. Mò ń gbá ilẹ̀kùn: "Àbúrò mi, jáde wá! Wá wo èríà yìí! A ò rí ọmọ mọ́!" Ọwọ́ mi ti ń dùn mí kí n tó rántí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún! Mo fẹ́ràn rẹ, àárò rẹ ń sọ gbogbo wa. Bí nǹkan bá sì tún dẹ́rù bà wá lọ́la, mo mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà rẹ náà ni ẹsẹ̀ mi yóò tún gbé mi lọ.